Ilé ìtàwé àlòkù kan ní Sábó, Ìkòròdú, tó ń bá ni wá ìwé tí gbólóhùn ti jáde

Bí gbólóhùn kan látinú ìwé Yorùbá bá ń dún lọ́kàn yín, tí ẹ ò rántí ibi tí ẹ ti kà á, àwọn olùtàwé àlòkù kan wà nítòsí Ọjà Sábó tí wọ́n ń bá ni wá a. ₦1,000 ni gbólóhùn kan; bí wọn ò bá rí i, wọn ò gbowó.

Bébà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé lé èèyàn lọ́wọ́: ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí yín, ẹ má tún un ṣe, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀dá inú ìtàn tàbí ohun èlò tí kò wọ́pọ̀ ló dáa jù. "Ìwà" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwé wo ni ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú rẹ̀? Wọ́n á tún bi yín pé èdè wo lẹ fi kà á. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968, tó wá fúnra rẹ̀ dá gbólóhùn náà padà sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń wá kiri, kì í ṣe ti Fágúnwà tó kọ ìwé náà.

Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀, ni wọ́n ti já fáfá. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ 1974 máa ń kọ "aiye", "enia", "nwọn". Ẹ máa tẹ "ayé" àti "ènìyàn" sínú Google Books títí ilẹ̀ á fi ṣú, àtẹ̀jáde àtijọ́ lè má yọjú. Wọ́n á kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì, wọ́n á sì tún dán an wò láìsí àmì kankan, torí ẹ̀rọ tó ń ka ojú ewé sábà máa ń sọ "ọ" di "o", kó sọ "ṣ" di "s".

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n máa ń yára sọ pé ẹnì kan ló ni òwe. Òwe tó wà nínú ìwé Fágúnwà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ti Fágúnwà. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀: nínú Ògbójú Ọdẹ, Àkàrà-oògùn ló ń ròyìn, òǹkọ̀wé kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣi "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" mú, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè lówe lásán: ewì J. F. Ọdúnjọ nínú Aláwìíyé ni.

Fọ́tò mẹ́ta ni kí ẹ gbà lórí WhatsApp: èèpo ìwé, ojú ewé tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, àti ojú ewé gbólóhùn náà. Èyí tó kẹ́yìn nìkan kò tó, torí nọ́ńbà ojú ewé máa ń yí bí wọ́n bá tún ìwé tẹ̀. Ẹ tètè lọ láàárọ̀. Tí oòrùn bá ti kanrí, ariwo ọjà ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín.