Páléètì ike fún àgbá mẹ́rin: lítà 250 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò pé 250

Ẹ má tíì wo bó ṣe ń dán, ẹ yọ téèpù ìwọnlẹ̀ jáde ná. Páléètì yìí wà fún gbígba kẹ́míkà tó bá jò lára àgbá mẹ́rin, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé agbada abẹ́ rẹ̀ ń gba lítà 250. Inú agbada ọ̀hún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 sí 120, ó sì jìn ní 17. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 245, ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí 250 wọn. Ohun tí wọn ò yọ kúrò ni òpó mẹ́sàn-án tó dúró nínú agbada láti gbé pẹpẹ oníhò tí àgbá ń jókòó lé. Òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15 sí 15, gbogbo wọn sì gba àyè lítà 34. Lítà 210 ló kù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 la fi dán an wò: ìkọkànlélógún ló mú omi kan etí.

Ṣé 210 ò wá tó ni? Àgbá ńlá kan jẹ́ lítà 208. Òfin EPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní Amẹ́ríkà, lórí pàǹtí olóró inú àgbá ní kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè gba ìdá 10 nínú 100 gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, tàbí odindi àgbá tó tóbi jù, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Àgbá mẹ́rin jẹ́ 832, ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 83, nítorí náà 208 là ń wá. Ó yege, àmọ́ lítà 2 péré ló fi yege. Níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè ìdá 110 nínú 100 àgbá tó tóbi jù, 229 lẹ nílò, páléètì yìí ò sì tó o.

Lítà 2 yẹn gan-an, ilẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 dagẹ̀rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, kẹ́míkà á ti máa dà síta lápá ìsàlẹ̀ nígbà tó ṣì ku bíi lítà 12 kí agbada kún. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.

HDPE, irú ike kan tó le, ni wọ́n fi ṣe é. Kọ́sítíìkì, bílíìṣì àti ásíìdì bátìrì ò rí i gbé ṣe. Àmọ́ toluene, xylene àti tínà máa ń wọ inú rẹ̀, á wú, á rọ̀. Ásíìdì nitric tó le sì máa ń jẹ́ kó gbẹ kó sì là. Fún ohun tó bá tètè ń gbaná, ẹ wá onírin, kí ẹ so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ òun àti àgbá. Ẹ má wá gbé onírin náà sábẹ́ ásíìdì hydrochloric o, á jẹ ẹ́ lu. Bákan náà, bílíìṣì àti ásíìdì ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí páléètì kan náà. Agbada kan ló wà lábẹ́ wọn. Bí àwọn méjèèjì bá jò, gáàsì chlorine ló máa jáde.

Ibi tó burú jù lára rẹ̀ ni èdídí ihò tí à ń gbà da omi inú agbada nù. Ike ni tíréèdì rẹ̀. Bí ẹ bá wé e wọ́, á le lọ́wọ́ bí ẹni pé ó ti dé ibi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni á máa sun omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ bu omi kún agbada, ẹ fi máákà fa ìlà síbi tí omi dé, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Kí ìlà tó sọ nǹkan kan, bébà gbígbẹ tí ẹ fi nu abẹ́ èdídí á ti sọ ọ́. Ẹ béèrè irú rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: EPDM dára fún kọ́sítíìkì, ṣùgbọ́n á wú bí epo bá kàn án, nitrile ni ti epo.

Kílò 2,700 ni wọ́n ní ó lè gbé. Àgbá kọ́sítíìkì ìdá 50 nínú 100 wọn bíi kílò 318, mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ bíi 1,270, nítorí náà ìwúwo kọ́ ni ìṣòro. Ìgbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ ni 2,700 yẹn wà fún. Ẹ kó àgbá kúrò kí forklift tó gbé e, kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, torí ẹnu irin forklift máa ń gún ìdí agbada níbi tí ojú ò tó.

Bí kò bá sí lábẹ́ òrùlé, òjò sẹ̀ǹtímítà 5 á ti da lítà 72 sínú rẹ̀. Ẹ má kàn ṣí èdídí kí omi máa ṣàn lọ sí gọ́tà: ẹ ki bébà pH, èyí tó ń fi hàn bóyá ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì wà nínú omi, bọ̀ ọ́, ẹ wò ó bóyá epo ń dán lójú rẹ̀, kí ẹ tó fi pọ́ǹpù ọwọ́ fà á. Ẹ má sì gbé tánkì lítà 1,000 lé páléètì yìí rárá, agbada lítà 210 ò lè gba ohun inú rẹ̀.

Fún àgbá mẹ́rin tó wà nínú ilé, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, a lè tún rà á. Sẹ̀ǹtímítà 2 péré ni wọn ì bá fi kún jíjìn agbada, ì bá gba 235, ì bá sì ti kọjá 229.