Áàpù ojú ọjọ́ mi àti òru òtútù mọ́kànlélógún

Nígbà tí mo ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kùn, ó ta omi díẹ̀, ó dákẹ́. Páìpù ti dì. Mo wo fóònù: áàpù ojú ọjọ́ ní -9 ló wà níta. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo jáde lọ sídìí tẹmómítà tí mo gbé kọ́ sára òpó lẹ́yìn ilé. -17. (Celsius ni gbogbo iye tí mo ń kọ síbí.) Dígíríì mẹ́jọ gbáko! Ká ní mo ti mọ̀ lálẹ́ ni, ǹ bá ti fi omi sílẹ̀ kó máa ro tó-tó-tó mọ́jú.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kí n tó sùn, mo máa ń kọ iye tí áàpù ní òtútù máa mú dé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mo á kọ iye tí tẹmómítà mi fi hàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òru 21 ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbi tí ìyìn bá tọ́, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Ó ti sọ ọ́ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú pé òtútù ńlá ń bọ̀, ó sì dé lọ́jọ́ tó dá. Ọ̀sán kì í fún un ní wàhálà, dígíríì kan tàbí méjì ló fi máa ń ṣì í. Òru tí atẹ́gùn ń fẹ́, tàbí tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kò burú náà. Òru tí ojú ọ̀run mọ́ gaara, tí ẹ̀ka igi kan ò mì, tí yìnyín tuntun tẹ́ lọ bí aṣọ funfun, ibẹ̀ ló ti máa ń já mi jù sílẹ̀. Irú rẹ̀ jẹ́ 6 nínú 21. Kò sí ìkankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kò fi dígíríì 4, ó kéré tán, ṣì í, ìhà kan náà ló sì ń ṣì í sí: ìta máa ń tutù ju bó ṣe wí lọ.

Kò sẹ́ni tó jókòó kọ iye tó wà lójú fóònù yẹn. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ló pín ayé sí àpótí-àpótí, tó ń ṣírò ojú ọjọ́ fún ìkọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣirò ojú ọjọ́ ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní GFS, àpótí kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 13. Ti ECMWF, àjọ kan tó ń ṣírò ojú ọjọ́ ní Yúróòpù, tó nǹkan bíi 9. Àfonífojì kékeré tí ilé mi wà kò tó kìlómítà 2 ní fífẹ̀, nítorí náà lójú kọ̀ǹpútà, kò sí rárá. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ. Lóru tí nǹkan kan ò bá rú u, ńṣe ló máa ń ṣàn bí omi lọ síbi tó rẹlẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Mo dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ kan: mo mú tẹmómítà kejì dání, mo gun òkè ẹ̀yìn ilé. Ìsàlẹ̀ jẹ́ -16. Nígbà tí mo dé orí òkè, eyín mi tó ń gbá pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ ti dákẹ́: -10.

Yìnyín náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Kì í jẹ́ kí ooru tó wà nínú ilẹ̀ gòkè wá, òun fúnra rẹ̀ sì ń tú èyí tó kù lójú rẹ̀ dà sí ojú ọ̀run ní gbogbo òru. Ìkùukùu ì bá dá díẹ̀ padà, àmọ́ kò sí ìkùukùu. Àwọn kan máa ń fi àkọsílẹ̀ ọdún tó ti kọjá tún ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òtútù tí ojú kì í sábà rí kò pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ìyẹn ló ṣe máa ń fà á padà síbi tó ti mọ́ ọn lára.

Ohun tó bí mi nínú jù ni iye tí wọ́n kọ "báyìí" sí lórí. Mo rò pé wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Ìṣirò lòun náà! Nígbà tí páìpù mi ti dì, -9 yẹn ṣì dúró gbọin-in bí ẹni tó ń wo ojú mi. Iye kejì, "bó ṣe ń ṣe lára", tún wà níbẹ̀. Ara èèyàn ni atẹ́gùn ń gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Páìpù kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ.

Kí n jẹ́wọ́ o. Nígbà òtútù tó ṣáájú èyí, ara ògiri ilé ni tẹmómítà mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ooru inú ilé ń fẹ́ sí i lára, òun àti áàpù wá ń fohùn ṣọ̀kan, èmi náà ń yin áàpù fáwọn èèyàn. Ibi òjìji, tó jìnnà sí ògiri, ní nǹkan bíi mítà 2 sókè, ló yẹ kí ẹ gbé e sí.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Mi ò yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Lálẹ́ àná ó sọ pé -8. Mo yọjú lójú fèrèsé, ìràwọ̀ pọ̀ lókè, èéfín ilé kejì ń gòkè tààrà. Mo kọ -14 sínú ìwé, mo sì ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀. -15 ni mo bá láàárọ̀, omi sì ń ro.