Ilé Ìwòsàn Tó Ń Bá Mi Dín Ciclosporin Kù: Bí Mo Ṣe Rí Iṣẹ́ Wọn

Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gba ìtọ́jú ní ẹ̀ka àrùn ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn yìí nítorí aplastic anaemia, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun inú ara ti ń dojú ìjà kọ mùdùnmúdùn egungun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní ciclosporin ló ń tẹ́ àwọn ọmọ ogun náà lórí ba, ó sì ti tó oṣù 14 báyìí tí a ti ń dín in kù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kà sí àléébù wọn ni mo padà ń yìn wọ́n fún: wọn kì í kánjú. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi wò ó pé ẹ̀jẹ̀ mi dúró sójú kan kí wọ́n tó gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀, miligíráàmù 25 péré ni wọ́n sì ń yọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú oṣù méjì sí mẹ́ta láàárín ìdínkù kan sí èkejì. Oògùn náà ti mú kí erìgì mi wú débi pé ó fẹ́ bo eyín, ó sì ń mú kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n tí mo bá gbé ife omi, nítorí náà mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ 50. Nọ́ọ̀sì kò bá mi jiyàn; ó ṣí ìwé mi, ó fi bírò tọ́ka sí ibi tí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti já wálẹ̀ láti 118 sí 91 lẹ́yìn ìdínkù kẹta, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á dúró síbí ná." Oṣù mẹ́ta la fi dúró kí iye náà tó gòkè padà.

Àyẹ̀wò wọn náà ṣeé gbára lé. Wọn kì í jẹ́ kí a lo oògùn àárọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, kí ìwọ̀n oògùn tó kù lára lẹ́yìn wákàtí 12 lè hàn, wọ́n sì máa ń wo kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ mọ́ ọn.

Ibi ìgboògùn ni mo ti rí àbùkù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fún mi ní ciclosporin ilé iṣẹ́ mìíràn láìsọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ara kì í gba ti gbogbo ilé iṣẹ́ bákan náà. Àwọ̀ kápúsù ló ta mí lólobó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó túúbá. Ní báyìí, níwájú apòògùn ni mo ti máa ń tú páálí wò.