Ọgbà Ìgbafẹ́ Greenwich: Òkè Tí Oòrùn Wà Lẹ́yìn Ẹni

Nínú gbogbo òkè tí àwọn ará London máa ń gùn láti wo ìlú wọn, Greenwich Park ni mo fi ṣáájú, kì í sì í ṣe nítorí pé Peckham ni mò ń gbé tí ibẹ̀ sì súnmọ́ mi. Ibi tí òkè náà kọjú sí ni mo fi yàn án. Primrose Hill àti Parliament Hill, tí àwọn ènìyàn ń yìn jù, wà ní apá àríwá ìlú. Gúúsù ni ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò máa wò, gúúsù yìí kan náà sì ni oòrùn ilẹ̀ wọn ń gbà kọjá. Ẹni tí ó dàgbà sí Nàìjíríà, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wà lókè orí, lè má tètè kíyè sí èyí, àfi ìgbà tí ó bá wo fọ́tò tí ó yà tí gbogbo ilé inú rẹ̀ dúdú bí òjìji. Ní Greenwich, àríwá ni a ń kọjú sí. Oòrùn wà lẹ́yìn wa, ara àwọn ilé tí à ń wò ni ó ń tàn sí, a sì lè ka fèrèsé wọn. Ìrọ̀lẹ́ ìgbà ooru nìkan ni èyí kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà náà oòrùn a máa wọ̀ sí apá òsì, lẹ́yìn àárín gbùngbùn ìlú.

Ọgbà náà fẹ̀ tó éékà 183, láti 1433 ni wọ́n sì ti ṣọgbà yí i ká. Wíwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ère Ọ̀gágun James Wolfe, ẹni tí ó kú lójú ogun ní Quebec, ní Kánádà, ní 1759, ni èrò máa ń pọ̀ sí jù. Àwọn ará Kánádà ni wọ́n fi ère náà tọrẹ, tí wọ́n ṣí i ní 1930, ẹni tí ó bá sì wo ìpìlẹ̀ rẹ̀ dáadáa yóò rí ojú ihò tí àfọ́kù bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì dá sí i lára.

Láti ìdí ère yìí, koríko ni ojú kọ́kọ́ ń bá ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn koríko ni Queen's House, ilé funfun tí Inigo Jones yàwòrán rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni Old Royal Naval College pẹ̀lú òrùlé rìbìtì rẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn ni odò Thames, ní òdìkejì odò sì ni àwọn ilé awòṣífìlà Canary Wharf dúró sí, tí One Canada Square, onímítà 235, wà láàárín wọn pẹ̀lú orí ṣóńṣó tí a fi ń dá a mọ̀ láti 1991. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àlàfo tí ó wà láàárín òrùlé rìbìtì méjèèjì. Nígbà tí Christopher Wren fẹ́ kọ́ ilé náà, Ayaba Mary Kejì kò gbà kí wọ́n dí odò mọ́ Queen's House lójú, ni Wren bá pín ilé náà sí ọ̀tún àti òsì. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, àwa tí a kò san kọ́bọ̀ la ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Títí di òní náà, ìlànà ìkọ́lé London ṣì ń dáàbò bo ojú ọ̀nà tí a fi ń rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's láti orí òkè yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kéré lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé awòṣífìlà The Shard, tí gíga tirẹ̀ jẹ́ mítà 310.

Ọ̀nà tí ènìyàn bá gbà wọlé ṣe pàtàkì púpọ̀. Bọ́ọ̀sì 177 láti Peckham àti ọkọ̀ ojú irin DLR tí ń dúró ní Cutty Sark máa ń gbé èrò sí ìsàlẹ̀, gígun òkè láti ibẹ̀ sì ń gba ẹ̀mí. Nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, tí orúnkún ń dùn wọ́n, bọ́ọ̀sì 53 ni a wọ̀ ní Old Kent Road, a sọ̀kalẹ̀ ní Blackheath, a sì gba géètì ibẹ̀ wọlé. Ilẹ̀ tẹ́jú láti géètì náà títí dé ìdí ère, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi bá ara wọn lórí òkè láìgun òkè kankan. Wọ́n wo ọ̀kánkán títí, wọ́n ní ó rán àwọn létí Láyípo, ilé gogoro orí Òkè Àrẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo bi wọ́n léèrè èyí tí ó wù wọ́n jù. Wọ́n ní Láyípo ni, nítorí pé àwọn lè nawọ́ sí ilé bàbá àwọn láti ibẹ̀. N kò lè bá wọn jiyàn.

Ní ti ilé ìwòràwọ̀ Royal Observatory tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn aago àti ti ìràwọ̀ kò ní kábàámọ̀ owó rẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sanwó nítorí ìlú tí ó fẹ́ wò, nítorí ìta ni a ti ń rí ìyẹn. Láti 1884, tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Washington ti fi ìlà tí ó gba ibẹ̀ kọjá láti àríwá dé gúúsù ayé ṣe òdo, ni a ti ń ti ibẹ̀ ka ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ayé; wákàtí kan ni aago Nàìjíríà sì fi ṣáájú ti Greenwich. Ẹni tí ó bá ṣí máàpù fóònù rẹ̀ lórí ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ nínú ọgbà ilé náà kò ní rí òdo, nítorí pé nǹkan bíi mítà 102 sí apá ìlà-oòrùn ni òdo ti fóònù wà, ìyẹn sì bọ́ sórí koríko tí a kì í sanwó rẹ̀. Bọ́ọ̀lù pupa orí ilé náà, tí ó ń já bọ́ ní aago kan ọ̀sán láti 1833 kí àwọn awakọ̀ ojú omi lè fi tún aago wọn ṣe, ọ̀fẹ́ ni òun náà, àfi pé wọn kì í fà á sókè bí atẹ́gùn bá le.

Ọgbà náà ní àléébù tirẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé tí ojú ọjọ́ bá dára, ìdí ère náà a há gádígádí, ènìyàn a sì tò pẹ́ kí ó tó ráyè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn kò gbà kí a dáná níbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí ó ń ronú àtisun ẹran gbé èrò náà tì. Oúnjẹ tí a ti sè láti ilé kò ní wàhálà. Wọn kò tún fẹ́ kí a máa ṣa èso lábẹ́ àwọn igi àtijọ́ tí wọ́n gbìn láyé Ọba Charles Kejì.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni géètì ń ṣí. Bí ó bá jẹ́ iná alẹ́ ni ènìyàn fẹ́ wò, kí ó má lọ ní oṣù kẹfà, nítorí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n ń tì í nígbà náà, ilẹ̀ kì í sì í tíì ṣú tán. Oṣù kejìlá ni ó dára, tí oòrùn ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, tí wọn kì í sì í ti géètì títí di aago mẹ́fà: ó ju wákàtí kan lọ tí gbogbo fèrèsé Canary Wharf fi ń tàn lójú ẹni. Kí ó wọ aṣọ tí ó nípọn, nítorí kò sí ohun tí ó dí atẹ́gùn níbẹ̀, kí ó sì gba géètì ìsàlẹ̀ jáde sí Cutty Sark, nítorí Blackheath ṣókùnkùn gan-an ní alẹ́.