X-ray àbí MRI: èwo ló ń tètè rí àkóràn inú eegun ẹ̀yìn?

Ẹ̀yìn tó ń dunni tọ̀sán-tòru, tí ibà tún ń bá a rìn, kọjá ohun tí à ń fi róòbù pa.

X-ray ló dínwó, òun ló sì wọ́pọ̀ ní ọsibítù. Àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó rí nǹkan: kòkòrò lè ti wà nínú eegun fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí ibi tó jẹ tó hàn. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń sọ fún aláìsàn pé kò sí nǹkan kan.

Òòfà ńlá ni MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ń lò. Ó ń tètè fi omi tó kún inú eegun hàn, àti ọyún tó gbára jọ, àti bóyá ọyún náà ti ń tẹ iṣan inú eegun ẹ̀yìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́, MRI ni, lójú ẹsẹ̀. Owó rẹ̀ ga o! Ẹni tó bá ní irin lára sì gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú.

Tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti sọ ẹ̀yìn di iké, irú èyí tí Percivall Pott, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1779, X-ray náà á fi eegun tó wó hàn.

Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, kò sí èyí tó mọ orúkọ kòkòrò. Ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà nínú eegun ló ń sọ ọ́. GeneXpert, ẹ̀rọ àyẹ̀wò inú láàbù, lè dá ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí 2. Oògùn apakòkòrò bí Ampiclox tí a ti gbé mì ṣáájú lè mú kí láàbù má rí kòkòrò kankan.