Twenty Twenty-Five: theme ọ̀fẹ́ tí èmi aláàdìrẹ fi ṣe sáìtì láì mọ kóòdù

Kí n tètè sọ ọ́ o, ẹni tó bá ń tajà n'Ìbàdàn ńbí, tó kàn fẹ́ sáìtì kékeré tí oníbàárà á ti rí ọjà, á rí iye ẹ̀, á sì tẹ WhatsApp, ò nílò kó ra theme kankan, ìyẹn aṣọ tí sáìtì ń wọ̀ tó ń sọ bó ṣe máa rí. Twenty Twenty-Five tó bá WordPress 6.7 (WordPress ni ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì) jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2024 ti tó. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe WordPress gan-an ló ṣe é. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Gbági, mi ò mọ kóòdù rárá, èmi náà sì ni mo fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Owó hosting, ìyẹn ibi tí sáìtì yín máa gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ti orúkọ sáìtì lẹ máa san, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, ẹ máa rò pé wọ́n tàn yín ni, torí òfìfo ni, funfun báyìí, ọ̀rọ̀ dúdú díẹ̀. Ẹ má sá. Ẹ tẹ Appearance, ẹ tẹ Editor, ẹ wá lọ sí Styles, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíì. Wọ́n ti to àwọ̀ àti fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, pọ̀ lóríṣiríṣi síbẹ̀, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ wò ni, sáìtì á máa yí padà lójú yín, èyí tí ò bá wù yín ẹ fò ó. Èmi fẹ́ àwọ̀ aró gangan, kì í ṣe búlúù tí gbogbo báǹkì ń lò yẹn, mo bá wọ Colors, mo ń fà á títí ó fi ṣú bí mo ṣe fẹ́. Tó bá dàrú mọ́ yín lọ́wọ́, Revisions wà níbẹ̀ tó máa dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá sí sáìtì dúró sí dáadáa ni fọ́ǹtì. Fọ́ǹtì pọ̀ tó rẹwà fún Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ "àdìrẹ ẹlẹ́kọ" síbẹ̀ báyìí, ẹ máa rí i tí lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ á sanra ju àwọn tó kù lọ, tàbí kí àmì ohùn orí ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí fọ́ǹtì yẹn ò ní lẹ́tà wa nínú, bùráúsà ló lọ yá a níbòmíì. Oníbàárà ò ní mọ ohun tó fà á, á kàn rò pé iṣẹ́ jákujàku ni. Ṣùgbọ́n láti WordPress 6.5 ni Font Library, ibi tẹ́ ẹ ti lè fi fọ́ǹtì mìíì kún sáìtì yín, ti wà, inú Typography lẹ máa rí i, ó máa gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kó tó kàn sí Google Fonts, lẹ́yìn náà ẹ mú èyí tó wù yín, ó sì máa wà lórí sáìtì yín. Noto Sans ni mo mú fún ọ̀rọ̀, Noto Serif fún àkọlé, àwọn méjèèjì gbé ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì ohùn dáadáa. Ẹ má fi "abc" dán fọ́ǹtì wò o jàre, "Ọ̀ṣun" àti "Ẹ̀kọ́" ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì wò ó lórí fóònù.

Page àti Template ló máa ń da èèyàn lórí rú. Page, ojú ewé kan ṣoṣo nìyẹn. Template ni bátánì tí gbogbo irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀lé. Header òkè àti footer ìsàlẹ̀, aṣọ ẹbí ni wọ́n, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ gbogbo ilé ló wọ tuntun. Torí náà kẹ́ ẹ tó kọ "a ò ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di Mọ́ńdè", ẹ wò ó bóyá inú Template lẹ wà. Block, ìyẹn ẹyọ nǹkan kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ tò sójú ewé, bí ọ̀rọ̀ tàbí fótò, tẹ́ ẹ ò bá sì rí mú, ẹ ṣí List View, gbogbo ẹ̀ á tò sílẹ̀.

Fótò àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tó ní òpó Mápó nínú yẹn, ni mo fi sójú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú Cover, block tó ń jẹ́ kéèyàn kọ̀rọ̀ sórí fótò, mo wá kọ̀rọ̀ lé e. Bátánì aṣọ máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì o, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ overlay sí, ìyẹn àwọ̀ tó bo fótò lórí, ẹ fà á sókè títí ọ̀rọ̀ á fi hàn ketekete. Ti WhatsApp, ẹ fi Button kan síbẹ̀, líńkì ẹ̀ ni https://wa.me/234, kẹ́ ẹ wá kọ nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e láìsí òdo iwájú. Kódà 404, ìyẹn ojú ewé tó ń yọ nígbà téèyàn bá tẹ líńkì tó ti bàjẹ́, inú Templates ló wà, mo pa Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ rẹ́, mo kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ohun tẹ́ ẹ ń wá ò sí níbí, ẹ yà wá wo ọjà tuntun." Ó ń dùn mọ́ mi nínú títí dòní.

Ibi tó kù sí: fídíò àtijọ́ lórí YouTube á ní kẹ́ ẹ tẹ Customize, ẹ ò ní rí i nínú theme yìí, Editor ló rọ́pò ẹ̀. Àwòrán tó bá pattern, ìyẹn àwọn block tí wọ́n ti tò pọ̀ sílẹ̀ fún yín, wá ò jọ tiwa, òdòdó ló pọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Fóònù ò sì rọrùn fún iṣẹ́ yìí rárá, ẹ yá lápútọ́ọ̀pù. Tí theme bá ní update ẹ máa gbà á, ohun tẹ́ ẹ ti tún ṣe nínú Editor ò ní pa rẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó lọ sórí theme mìíì, àwọ̀ àti header yín ò ní bá yín lọ, kìkì ọ̀rọ̀ àti fótò inú àwọn ojú ewé yín ló máa kù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí oníbàárà fi káàdì sanwó lórí sáìtì tààrà, theme nìkan ò lè ṣèyẹn, ẹ máa fi WooCommerce kún un, ìyẹn àfikún tó ń sọ sáìtì WordPress di ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n fún èmi tí wọ́n ń bá dúnàádúrà lórí WhatsApp kí wọ́n tó ra ọ̀pá kan, eléyìí ti tó.