Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Ìgbèríko Ẹ̀pẹ́: Èwo Ló Tó Ohun Tí Èèyàn Ń Tìtorí Ẹ̀ Wọ Bọ́ọ̀sì?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo lèèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn nínú igbó gidi ní Ìpínlẹ̀ Èkó láìní mọ́tò tara ẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni màá dárúkọ. Ẹja lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ìlú yìí. Wọ́n á wá sí Ọjà Olúwo láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á ra àrọ̀ àti obokún, bóyá ẹran ọ̀yà, ó di ilé. Kò burú. Ṣùgbọ́n nínú gáréèjì ìlú yẹn kan náà, owó ọkọ̀ tí kò tó owó àrọ̀ ńlá kan á gbé yín dé ibi tí ẹ ò ti ní í gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ mọ́. Mo ti gba àwọn ọ̀nà yẹn léèrùn, mo ti gbà wọ́n lójò. Wọn ò dọ́gba rárá.

Erédò ló ga jù. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde lẹ máa wọ̀. Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún kọ́ńdọ̀ pé Erédò lẹ ti ń sọ̀, torí àwọn kan máa ń fẹ́ gba owó Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti wọlé. Awakọ̀ kan gbowó wa tán, ó ní òun ò dúró níbẹ̀. Ìgbà tó máa já wa sílẹ̀, a ti kọjá Erédò tipẹ́tipẹ́, a wá fẹsẹ̀ rìn padà létí títì nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tírélà sì ń fẹ́ eruku sí wa lójú. Inú bí mi gan-an. Látìgbà yẹn, ẹ̀yìn awakọ̀ ni mo máa ń jókòó sí, kí n lè tètè pariwo “Ó wà o!” kó tó kọjá.

Ohun tí ẹ ń lọ wò ni yàrà àti odi tí wọ́n ń pè ní Erédò Sùngbọ́. Odi ìlú làwa Yorùbá mọ̀, àmọ́ èyí kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Nǹkan bíi 160 kìlómítà ló fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ibi tó sì jìn jù níbẹ̀, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì, ń lọ sí mítà 20, ó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Gbogbo ibi kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ibòmíì ti ya lulẹ̀, ibòmíì ti di oko.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti ń fi sàréè rẹ̀ hàn. Àwọn kan tún ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ bá Sólómọ́nì. Èmi ò gba ìyẹn, torí láyé Sólómọ́nì, ó ṣì ku ohun tó lé ní 1,500 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ki ọkọ́ bọ ilẹ̀ yẹn. Mi ò sì rò pé obìnrin náà nílò ògo Ṣébà. Iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ mọ́ tó o. Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ̀wé nípa odi yìí ní 1959, Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn, wá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú igbó láàárín àwọn ọdún 1990, bẹ́ẹ̀ láti 1995 ló ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ní kí àjọ UNESCO bá òun gbé yẹ̀ wò, bóyá wọ́n á fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ẹ̀ bá kàn dé inú ẹ̀! Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà lára yín á máa tutù. Igi orí òkìtì ọ̀tún àti tòsì ti na ẹ̀ka pàdé ara wọn lókè, díẹ̀díẹ̀ ni oòrùn ń ráyè wọlé. Ewé tó ti jábọ́ látọjọ́ pípẹ́ bo ilẹ̀, ẹsẹ̀ ń rì sí i. Ẹ fọwọ́ kan ògiri ẹ̀: yangí ni, ó pupa, ó sì tutù. Yangí kì í le lábẹ́ ilẹ̀ bí ó ṣe ń le níta. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán tí atẹ́gùn àti oòrùn bá kàn án, ìgbà yẹn ló ń gan. Ìdí nìyẹn tí ògiri tí àwọn èèyàn fọwọ́ gbẹ́ fi ṣì dúró ṣánṣán. Mo rí ibì kan tí omi ti ń sun lára ògiri náà. Gbòǹgbò igi òkè ti gbọ́ òórùn omi, ó ti rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yangí náà títí ó fi dé ìsàlẹ̀, ó tó itan àgbàlagbà. Ìgbín kékeré kan ń gùn ún lọ sókè. Mo dúró wò ó títí àwọn tá a jọ lọ fi ké sí mi.

Ṣùgbọ́n kò sí pátákó tó júwe ọ̀nà, oko olóko lẹ sì máa gbà kọjá. Ẹ má wọlé bí ẹni tó ń já wọ ilé ẹlòmíì. Ìyá àgbàlagbà kan ń hú ẹ̀gẹ́ nígbà tá a kọ́kọ́ ya kúrò lójú títì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú oko o, mà.” Ó ní, “O o, ẹ kú ìrìn. Ta lẹ̀ ń wá?” Mo ní yàrà Erédò la fẹ́ wò. Ó fi ọkọ́ júwe, ó ní, “Ẹ má gbabẹ̀ yẹn, kòkó onílé ni. Ẹ dúró.” Ó ké sí ọmọ ọmọ rẹ̀ kó mú wa lọ. Ọmọ náà mọ ibi tí èèyàn lè gbà sọ̀ láìfarapa, ó mọ ibi tí ìjàlọ máa ń gbà kọjá, ó sì gé igi fún wa tá a fi ń tilẹ̀. Ẹ fún ẹni tó bá mú yín lọ lówó tó nítumọ̀, kì í ṣe ṣénjì tó kù lọ́wọ́ kọ́ńdọ̀.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Lójò, rénbúùtù táwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ nìkan ló lè ṣe é, torí ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ yàrà nínú oṣù kẹfà àti ìkeje. Látìgbà tí òjò bá ti dá, nínú oṣù kọkànlá, títí di oṣù kejì ni mo fẹ́ràn jù.

Ìtàn wà nínú títì tí bọ́ọ̀sì yẹn ń gbà pẹ̀lú. Ẹ̀pẹ́ làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí nínú oṣù karùn-ún 1892, apá ibẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fẹsẹ̀ gbà lọ bá Ìjẹ̀bú jà létí odò Yemọjí, tí Ìjẹ̀bú-Òde fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo máa ń rò ó tí mo bá ń wo igbó láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Ẹjìnrìn ni mo fi ṣe ìkejì. Ọkọ̀ Ìtòkín tàbí Ìkòròdú lẹ máa wọ̀, ẹ sọ̀ sí oríta, ẹ wá máa rìn lọ síhà ọ̀sà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọmọdé lè rìn ín. Ọjà ńlá ni Ẹjìnrìn láyé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé ojú omi ni ẹrù Ìjẹ̀bú ń gbà dé Èkó, tí epo pupa àti oúnjẹ ń kún inú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mọ́tò gba òwò náà, ọjà rọ. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ báyìí ni ọ̀sà tó fẹ̀ lọ salalu, àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe, àti ewé omi olódòdó àlùkò tó ya wọ ọ̀sà wa láàárín àwọn ọdún 1980. Lójò, ó lè bo èbúté pátápátá. Ibẹ̀ dáa fún ẹni tó fẹ́ jókòó.

Bí ẹ ṣe máa padà ni ìṣòro. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ á ti kún fọ́fọ́, kò sì ní í dúró fún ẹnikẹ́ni lóríta. Kó tó di aago mẹ́rin, ẹ ti wà létí títì. Sátidé tún burú jù, nítorí òde àríyá.

Ọ̀nà Lẹ́kí ńkọ́? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Táńkà àti tírélà ò jẹ́ kí èèyàn mí, ibi tó sì jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀ ti di ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ “ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà” sí lára. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ògiri búlọ́ọ̀kù yẹn ti ń sún mọ́ Erédò. Mo rí ibi tí katapílà ti gé òkìtì náà kó yangí ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn èèyàn fi ọwọ́ gbẹ́, tó dúró láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹ̀rọ kan gé e láàárín ọjọ́ mélòó kan! Ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn baálẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ààlà síbẹ̀. Bí owó bá ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń wá rìn, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ ẹ̀bá yàrà á rí ẹni bá a jà.

Bí àkókò yín kò bá tó, ẹ rìn láti Olúwo lọ sétí ọ̀sà nínú Ẹ̀pẹ́ gan-an. Ibí ni Kòsọ́kọ́ fi ṣe ibùdó lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1851, ibí ló ti bá wọn ṣàdéhùn ní 1854, kò sì padà sílé títí di 1862. Ìyẹn ni Èkó Ẹ̀pẹ́, àdúgbò àwọn tó bá a wá, fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, àdúgbò àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, dòní.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún Erédò, mẹ́ta fún Ẹjìnrìn, ọ̀nà Lẹ́kí ò gba nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, méjì. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀, kó sùn sí Ẹ̀pẹ́ mọ́jú, kó wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ kúrò ní gáréèjì láàárọ̀. Ìgbà tó bá fi máa sọ̀ sí Erédò, àwọn àgbẹ̀ á ṣì máa lọ sóko, á rí ẹni tó máa bi léèrè ọ̀nà.